Ẹ Wo Bí Ó Ṣe Ń Bà: Ọmọ Àwòdì Lójú Ọ̀run Ẹdẹ

Ẹni tó bá fẹ́ wo ọmọ àwòdì tó ń kọ́ fífò ní Ẹdẹ kò nílò ọkọ̀, kò sì ní wọ igbó kankan. Ìjókòó ló nílò, fìlà, omi mímu, sùúrù, àti ibì kan tí ojú rẹ̀ ti lè ká orí igi ńlá tàbí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwòdì kì í sá fún èèyàn. Ibi tí a ti ń pa ẹran, orí ààtàn, ojú títì tí mọ́tò ti tẹ eku pa, ibẹ̀ ló ti ń wá oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ìlú tó bá ti ní ọjà àti igi gíga ti tó o gbé. Àwọn kan ń pè é ní àṣá. Ẹyẹ kan náà là ń sọ: ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìrù rẹ̀ là sí méjì ní ìdí, tí apá rẹ̀ bá nà tán á tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ láti ìkángun dé ìkángun, síbẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í sábà wúwo tó kílò kan.

Láwọn ìlú òyìnbó, ẹyẹ apẹran míì tí wọ́n ń pè ní peregrine ni èèyàn ń gbójú sókè wò. Ní Norwich àti Derby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ara ilé-ìṣọ́ kàtídírà ló ń pamọ sí. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé pèpéle kan sí ara ti Derby kó lè rí ibi yé sí. Peregrine kì í kọ́lé. Orí òkúta tàbí símẹ́ńtì lásán ló ń yé ẹyin lé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilé gíga fi bá a lára mu. Bí ọmọ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn èèyàn á kóra jọ sísàlẹ̀, tàgbà tèwe, ẹlòmíì á gbé àga wá láti ilé. Ẹyẹ náà yẹ fún ariwo yẹn: bó bá ti òkè kọlu ẹran rẹ̀, eré rẹ̀ ń kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn kan lára wọn máa ń sá òtútù wá sí Nàìjíríà, wọ́n á bá wa lo ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì padà sílé lọ yé ẹyin. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lókè Ẹdẹ lóṣù Kejìlá, ẹ kí i káàbọ̀, àlejò ni. Àwòdì ló ń bímọ síbí, ọmọ tirẹ̀ ni orí ìwé yìí dá lé.

Kí n tó sọ nípa oṣù àti ibi ìjókòó, ìmọ̀ràn kan wà tó borí gbogbo èyí tó kù. Ẹ má ṣe fi gbogbo ọkàn sí ọjọ́ tí ọmọ yóò kọ́kọ́ fò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣọ́ ìtẹ́, tí wọ́n wá lọ ra búrẹ́dì, tí ọmọ sì fò lẹ́yìn wọn. Wọ́n á ní àwọn pàdánù. Kò sí ohun tí wọ́n pàdánù. Fífò kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ tó ti níyẹ̀ẹ́ lápá. Bíbà ni iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bíbà wò ní nǹkan bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi wòran, kò sì sí ọjọ́ kan tí yóò lọ lásán.

Oṣù tí ẹ ó fi sọ́nà

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì tiwa ń bá rìn. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti apá Àríwá. Inú ọyẹ́ ni wọ́n ń kọ́lé. Ẹyin méjì ló wọ́pọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí mẹ́ta. Wọ́n á sàba fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ á sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje nínú ìtẹ́. Ẹ ṣírò ó wò: ẹyin tí wọ́n yé lópin oṣù Kejìlá, ọmọ inú rẹ̀ á fò nínú oṣù Kẹta, èyí tí wọ́n yé lópin oṣù Kìíní á di oṣù Kẹrin. Oṣù Kẹta àti Kẹrin ni oṣù iṣẹ́, oòrùn oṣù méjèèjì yìí kò sì mọ ojú ẹnìkan, ẹ má fi fìlà ṣeré.

Nínú oṣù yìí kan náà ni òjò àkọ́rọ̀ ń dé, ìjì a sì máa ṣáájú rẹ̀. Ìjì kan lè ju ìtẹ́ sílẹ̀ tọmọtọmọ. Nítorí náà, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ wo ìdí igi kí ẹ tó wo orí rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá sì ti ṣú tí ààrá ń kù, ẹ kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́bàá òpó. Kò sí ẹyẹ tó tó ẹ̀mí.

Wákàtí tó dára jù ni ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀sán gangan, ọmọ á wà nínú òjìji ewé, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ nítorí ooru. Ẹ lọ jẹun.

Ibi tí ẹ ó jókòó sí

Ní ìlú Yorùbá tó ti pẹ́, ibi mélòó kan náà ni igi àtijọ́ sábà máa ń ṣẹ́kù sí: àyíká ààfin, ọgbà ilé-ìwé àtijọ́, ọgbà ilé-iṣẹ́ reluwé, etí odò, àti ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà tí ẹnìkan ò gbọdọ̀ fi àáké kàn. Ẹdẹ ní gbogbo wọn. Ìlú Tìmì ni, ìlú Ṣàngó; odò Ọ̀ṣun ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá; ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907 gba ibẹ̀ kọjá. Ní báyìí, Yunifásítì Redeemer's, Yunifásítì Adeleke àti Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tún ti wà níbẹ̀, ọgbà wọn gbòòrò, kò sì sí ariwo ọjà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọgbà ilé-ìwé kí ó kọ́kọ́ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀. Àràbà àti ìrókò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbójú sí, lẹ́yìn náà òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ má ṣe gun òpó yẹn láéláé, kódà kí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Ìtẹ́ ṣòro láti rí bí ẹ bá ń wá ìtẹ́. Ẹyẹ ni kí ẹ wá. Lóṣù Kejìlá àti Kìíní, àwòdì tó bá gbé igi gbígbẹ sẹ́sẹ̀ tó sì ń fò lọ tààrà láì yípo, ilé ló ń lọ. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé e. Kì í ṣe igi nìkan ló ń kó. Àkísà, bébà, ìgbẹ́ màlúù, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ́ sínú ilé. Ẹ má fojú ẹ̀gbin wo ọ̀rá funfun yẹn o. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí àwòdì ní Doñana nílẹ̀ Sípéènì, tí iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2011, rí i pé àwọn tó lágbára jù, tí ilẹ̀ wọn sì dára jù, ló ń fi ọ̀rá funfun ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ jù, kí àwòdì yòókù lè mọ̀ pé onílé yìí ò ṣeé fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n lọ fi kún ọ̀rá ilé àwọn aláìlágbára, ńṣe ni àwọn yẹn ń yọ ọ́ dànù: wọn ò fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí yóò mú ìjà wálé. Ìtẹ́ tí ọ̀rá bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ẹ sàmì sí i.

Bí ẹ bá ti mọ igi náà, ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó pòwe yìí, àwòdì mọ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ìdí igi, á yí orí, á dákẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ọmọ bá wà nínú ilé, ó lè já lu orí yín. Ẹ fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀-bàtà méjì tàbí mẹ́ta jìnnà sí i, níbi tí ojú yín ti lè dọ́gba pẹ̀lú ìtẹ́ díẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo fẹ́ràn jù. Òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wúlò gan-an. Tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ 8×42 sí lára ti tó. Ìgbà mẹ́jọ ló ń sọ nǹkan di ńlá, 42 sì ni fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní mìlímítà, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa lówùúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má ṣe gbé e kọjú sí oòrùn, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú lè fọ́.

Awò yìí a sì máa dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àdúgbò. Ẹni tó bá dúró síbì kan tó ń fi awò wo orí ilé onílé, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọn ò sì jayò pa. Ẹ kí wọn kí wọ́n tó bèèrè. Bí ìyá àgbà kan bá jáde wá, tó ní, "Kí lẹ ń wò lókè yẹn?", ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ àwòdì ni, ó ń kọ́ fífò." Ó ṣeé ṣe kó ní, "Èyí tó kó ọmọ adìyẹ mi jẹ?" Ẹ má bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ló sọ. Ẹ sọ fún un pé kó fi àgò bo ọmọ adìyẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Òun náà á sọ fún yín nípa àwọn tó ń fi aró kun ọmọ adìyẹ kí ojú àwòdì má bàa dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní awò kó wò ó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, òun ni yóò máa bá yín lé àwọn ọmọ tó ń fi rọ́bà ta òkúta sí ìtẹ́, ohùn rẹ̀ á sì ràn jù tiyín lọ.

Bí ẹ ṣe máa dá ọmọ mọ̀

Àgógó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti àgbà tiwa pọ́n bí òdòdó àgbàdo láti ìdí dé ẹnu, tọmọ dúdú. Àyà ọmọ ní àmì funfun tó gùn wọ́rọ́wọ́rọ́, etí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà fífẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìrù rẹ̀ ò sì tíì là tó tàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwòdì ilẹ̀ Yúróòpù náà ń bá wa lo ẹ̀ẹ̀rùn, àgógó tiwọn dúdú ní ẹnu, ìdí rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Àwọn yẹn á ti máa mú ọ̀nà ilé wọn pọ̀n nígbà tí ọmọ tiwa bá ń fò. Bí ẹ bá rí alágógó dúdú tó ń ké gbọnrangbọnran lórí ẹ̀ka, tó ń gbọn apá, tó ń tẹjú mọ́ gbogbo àgbà tó bá kọjá, kì í ṣe àlejò láti Sípéènì. Ebi ló ń pa á, ọmọ ni.

Ẹ lè rí ẹyẹ ńlá eérú kan tó rọ̀ dirodiro mọ́ ìtẹ́ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, tó ń ki ẹsẹ̀ gígùn bọ inú ìtẹ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe àwòdì. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́ síwájú àti sẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń yọ ọmọ ẹ̀gà níbi tí ẹlòmíì ò lè dé. Ẹ dúró wò ó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ lẹ bá wá.

Láti etí ìtẹ́ dé inú afẹ́fẹ́

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú fífò, ẹ ó máa rí ọmọ náà tó dúró sí etí ìtẹ́, tó kọjú sí afẹ́fẹ́, tó na apá méjèèjì. Á ju apá, á ju ú, á tún ju ú, ṣùgbọ́n èékánná rẹ̀ ò ní tú igi sílẹ̀. Òwú funfun tó kù lára rẹ̀ á máa já bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn á ré e kúrò lórí igi díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí i pé jìnnìjìnnì bò ó. Á tètè pa apá dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún na apá. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀: apá wo ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tó ń ṣe èyí? Ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ rí. Ohun tí yóò gbàgbé nígbà tó bá kúrò nílé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ka ló kàn. Á fo láti ìtẹ́ bọ́ sórí ẹ̀ka ìtòsí, á fẹsẹ̀ rìn padà wá jẹun. Ọjọ́ mélòó kan ló máa ń lò báyìí, àwọn òbí á sì máa gbé oúnjẹ kọjá níwájú rẹ̀ láì tètè bà. Wọn kì í tì í. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àkọ́fò gan-an kì í ṣe ìpinnu: ọmọ méjì ń jà sí alángbá kan, ọ̀kan yọ̀, apá là, ó ti wà lókè. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, láti igi yìí sí igi yẹn.

Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí àgbà ṣe ń bà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, tí òun náà sì ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, kò ní bà tààrà. Á kọjá igi náà, á yípo, á wá kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kó tó sún mọ́ ẹ̀ka. Á rẹlẹ̀ ju ẹ̀ka lọ díẹ̀, á wá fò gòkè sí i. Gígòkè yẹn ló ń jẹ eré tó kù lára rẹ̀ tán. Ìrù á tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, apá á gbé sókè, ìyẹ́ kékeré kan tó wà níbi tí àtàǹpàkò ì bá wà lápá á nàró gangan, kí afẹ́fẹ́ má bàa já kúrò lórí apá nígbà tí eré ti lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ á yọ síwájú. Ó tán. Ẹ̀ka kò tilẹ̀ mì.

Ọmọ ò mọ ìkankan nínú èyí. Ó dà bí ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀kadà níná tí kò tíì mọ bíréèkì. Nígbà tí wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá, ìrìn àjò ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti bíbà. Ọmọ tí ẹ̀fúùfù ta nídìí nígbà tó fẹ́ bà, eré afẹ́fẹ́ á kún eré tirẹ̀. Ó lè gba orí ẹ̀ka kọjá bí ẹni tí ò rí i. Ó lè gbá ẹ̀ka mú, kí eré gbé e síwájú, kó dorí kodò, kí apá rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, kó máa wo ilé onílé láti ìsàlẹ̀ kó tó já ara rẹ̀ gbà. Ó sì lè yan ibi tí kò lè gbé e. Imọ̀ ọ̀pẹ ló ń tan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ: ó fẹ̀, ó dúró dáadáa lójú, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ṣóńṣó rẹ̀, á tẹ̀ wá sílẹ̀, ọmọ á sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ pín bíbà sí mẹ́ta nínú ìwé yín: ó bà, ó mì kó tó dúró, ó tàsé. Ẹ kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá ìtẹ́ tàbí èéfín ààtàn á fi hàn yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i nínú ìwé náà pé ọmọ ti ń kọjá igi kó tó yípo. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣe èyí láì ní ìdí míì ju afẹ́fẹ́ lọ, ọjọ́ yẹn ni mo kà sí ọjọ́ tó fò.

Ooru ni ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, oòrùn á ti mú páànù àárín ìlú àti ọ̀dà títì gbóná, afẹ́fẹ́ orí wọn á máa gbéra lọ sókè. Àgbà á wọ inú rẹ̀, á na apá, á máa yípo, kò sì ní ju apá mọ́ títí yóò fi di àmì kékeré lókè. Ọmọ á tẹ̀ lé e, á já bọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, á jupá padà wọlé, á tún já bọ́. Ẹ ka iye ìgbà tó jupá nínú ìyípo kan ṣoṣo, kí ẹ tún kà á lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìrù náà pẹ̀lú. Ìrù ni àwòdì fi ń darí: á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, láìdúró, kódà nígbà tí apá ò mì rárá. Ìrù ọmọ á máa pẹ́ kó tó tẹ̀ lé afẹ́fẹ́, ìdí nìyí tí ìyípo rẹ̀ kì í fi rí róbótó.

Oúnjẹ gbígbà lókè ló gbẹ̀yìn. Àwòdì lè jẹun láì bà sílẹ̀: á na ẹsẹ̀ síwájú, á tẹ orí ba, á já ẹran jẹ bó ti ń fò lọ. Ọmọ á máa lé òbí kiri, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tàbí kó hán an bó ti ń já bọ́. Ẹ lè rí ọmọ tó gbé ewé tàbí ọ̀rá lọ sókè, tó jù ú sílẹ̀, tó sì sọ̀ lé e kó tó dé ilẹ̀. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí àwọn ikán abìyẹ́ bá tú jáde, ẹ má wà nínú ilé: ẹran pọ̀ lókè, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, kò sì yára. Kò sí ilé-ìwé tó rọrùn fún ọmọ tó jù ú lọ. Bí kannakánná bá wà ládùúgbò, wọ́n á máa ta á nídìí ní gbogbo àkókò yìí. Ẹ má dá sí i.

Bí ọmọ bá wà nílẹ̀

Ìpè tí ẹ ó gbà jù ni pé ọmọ àwòdì kan ti já bọ́. Ẹ wo ara rẹ̀. Bó bá níyẹ̀ẹ́ tán, tó dúró lórí ẹsẹ̀, tó sì ń halẹ̀ mọ́ yín, kò ṣàìsàn. Ó tàsé ni. Ẹ lé ajá àti àwọn ọmọdé, ẹ ju aṣọ bò ó, ẹ mú un láti ẹ̀yìn kí èékánná má bàa wọ̀ yín lára, ẹ gbé e sórí ògiri tàbí òrùlé tó wà nítòsí igi rẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Òbí á wá a rí. Ẹ má ṣe fún un ní búrẹ́dì, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bó bá jẹ́ òwú ló ṣì bò ó, tí ìtẹ́ sì ga ju ibi tí ọwọ́ lè dé lọ, tàbí tí apá rẹ̀ ṣẹ́, oníṣègùn ẹranko ló kàn; ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún irú èyí. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Nàìjíríà ni àìsàn adìyẹ H5N1 ti kọ́kọ́ hàn nílẹ̀ Áfíríkà, lóṣù Kejì ọdún 2006, ẹyẹ igbó náà sì ń kó o. Bí ẹ bá bá òkú ẹyẹ tó ju ẹyọ kan lọ níbì kan náà, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ sọ fún àwọn oníṣègùn ẹranko ìjọba.

Oògùn eku ń pa àwòdì. Ẹni tó fi í sílé ò ní in lọ́kàn, ṣùgbọ́n eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń ta rìnrìn kiri lójú títì lọ́sàn-án gangan, ẹ mọ ẹni tí yóò gbé e. Kẹ́míkà míì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa peregrine run: DDT tí wọ́n ń fọ́n sí oko wọ inú ẹyẹ tí wọ́n ń jẹ, èèpo ẹyin wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyá ń jókòó lé e, ó ń fọ́. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1960, kò sí èyí tó ń pamọ mọ́ ní gbogbo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n fòfin de DDT níbẹ̀ lọ́dún 1972, wọ́n ń sin ọmọ, wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, ó sì di ọdún 1999 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Àwa náà mọ èyí tó ti lọ lọ́dọ̀ wa. Igún tó máa ń kún ibi ìpẹran nígbà èwe àwọn bàbá wa, láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn tó sún mọ́ àkúrun jù lọ. Nítorí náà, ní oṣù Kejì sí Karùn-ún, ẹ lo pàkúté dípò oògùn, bó bá sì di dandan kí ẹ lo oògùn, ẹ ri òkú eku mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe pẹ̀lú ìwé yín

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, tí àwọn onímọ̀ ní APLORI, ibùdó ìwádìí ẹyẹ ní Jos, wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Wọ́n ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí àpótí àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti òró, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù lè fi áàpù BirdLasser kọ ẹyẹ tó rí nínú àpótí tirẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó wúlò jù nínú ìwé yín ni ọjọ́: ọjọ́ tí wọ́n dé, ọjọ́ tí igi àkọ́kọ́ wọ ìtẹ́, ọjọ́ tí ọmọ kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rí wọn gbẹ̀yìn. Ẹ má gbé àwòrán igi náà sórí Facebook. Àwọn tó ń ta orí ẹyẹ fún oògùn náà ní fóònù.

Ọmọ á ṣì máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ òbí fún ọ̀sẹ̀ méjì sí méje lẹ́yìn àkọ́fò. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ lóṣù Karùn-ún sí Kẹfà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á ti gba Àríwá lọ. Ìgbà yẹn ló dára láti lọ bá ẹni tó ni igi. Àwòdì sábà máa ń padà sí ilé àná, á kàn tún un ṣe, nítorí náà ẹ bẹ onígi kó má gé e kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá sì ti pinnu láti gé ẹ̀ka, oṣù Keje tàbí Kẹjọ ni kó gé e. Láti ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè.